Ṣéènì Tí Mo Pààrọ̀

Bàbá agégi kan tó máa ń ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, òótọ́ náà kò sì gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Àgbà ni mo fi kọ́ ìwé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ ni mo kọ ọ́ yìí. Oríṣi ẹ̀rọ ìgégi kékeré méjì ni mo ń tà, ti agégi àti ti onílé. Méjèèjì ló fúyẹ́. Bàbá náà nàka sí ṣéènì wọn, okùn irin eléyín tó ń gé igi, ó ní, "Ìyá ṣọ́ọ̀bù, má jẹ́ kí fífúyẹ́ wọn tàn ẹ́ jẹ. Ti onílé ní irin kéékèèké láàárín eyín rẹ̀, kì í jẹ́ kó já wọ igi lójijì. Tiwa kò ní in. Bí imú ẹ̀rọ bá fi lè kan igi, ó máa ta padà sí ẹni tó mú un. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ yìí la mọ bí a ṣe ń gbà á mọ́ra."

Ọkọ àbúrò mi, tó jẹ́ aránṣọ, ra ti onílé láti fi gé ẹ̀ka igi ẹ̀yìnkùlé wọn. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà wá, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. "Ẹ̀gbọ́n, arúgbó lẹ tà fún mi. Kò léyín, èrìgì ló fi ń họ igi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo gbé e wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ ṣéènì rẹ̀, mo fi ti agégi sí i, mo wá ní mo ti pọ́n ọn. Ìgbéraga lásán ni. Ó fi gé igi kan wò, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, arúgbó ti hu eyín." Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Mo wà nílé wọn ní ọjọ́ kejì nígbà tí ẹ̀rọ náà ta padà, tó gé iṣan apá ọ̀tún rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni wọ́n ní kó dúró ti ilé. Mo bọ́ ṣéènì náà tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, mo sáré lọ mú ti onílé ní ṣọ́ọ̀bù, mo dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo ní, "Ṣebí mo kìlọ̀ fún un pé kó máa fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú." N kò kìlọ̀ kankan. Ọwọ́ méjèèjì ló sì fi dì í mú.

Apá náà kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Títí ó fi kú ló ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé, "Má bínú, àìfarabalẹ̀ mi ló ba ilé wa jẹ́." Mo máa ń wà níbẹ̀, n kì í lanu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó kàn ṣì lè gbọ́.

Lánàá ni mo sọ fún àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, n kò dá a lóhùn rí. Ta ni kí n wá dá lóhùn báyìí?" Mo ní kó dárí jì mí. Ó dìde, ó fa aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò wẹ̀yìn.