Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Má Dúró

Ẹ má ní kí n jókòó, Ọ̀gá Jethro, mi ò wá jókòó! Omi tútù kẹ̀? Ẹ gbé omi yín kúrò níwájú mi. Láti Pápá Àjàó ni èmi Kùdírátù ti ń bọ̀ wá sí Sùúrùlérè yìí, ìbínú ló gbé mi dé, kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ tún fi jẹsí ránṣẹ́ sí Sàlíhù ọkọ mi! Ẹ ní kó wá gun kẹ̀kẹ́ dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, pé ìje tó kẹ́yìn ọdún nìyẹn, pé kọ́ńpìnnì ń retí ife. Sàlíhù wo lẹ ń bá wí? Èyí tó kù sílé mi yìí, àbí èyí tí ẹ pa sójú ọ̀nà Abẹ́òkúta?

Họ́wù! Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ wọn, ṣé ẹ ò mọ bí Sàlíhù àti Ìbíkúnlé ṣe jẹ́ síra wọn ni? Nínú gbogbo àwọn tí kọ́ńpìnnì yín gbà kí wọ́n máa fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun, àwọn méjèèjì ni kì í yara wọn. Ìbíkúnlé á wà níwájú, á máa fàyà gba afẹ́fẹ́, Sàlíhù á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, títí ìlú á fi kù díẹ̀, Ìbíkúnlé á wá yà fún un, á ní, "Sálì, ó yá, máa lọ!" Ọmọ onígbàgbọ́ ni Ìbíkúnlé, ọmọ Tíṣà Gertrude ti Yábà, ṣùgbọ́n tí Iléyá bá dé, ilé wa ló ti ń jẹran. Kì í wá ife fún ara rẹ̀ rárá... Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n nujú.

Ọjọ́ Abẹ́òkúta yẹn, ìje àkọ́kọ́ lọ́dún, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn dírẹ́bà mìíràn ṣì ń gbàgbé. Ìbíkúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ yà fún Sàlíhù lẹ́bàá Wásinmi ni lọ́rì kan já lù ú. Sàlíhù gbọ́ gbàà! Ó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Sálì, dúró dè mí!" Ó fa bíréèkì, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ yọrí síta: "Má dúró! Orúnkún rẹ̀ ló bó! A ti gbé e! Máa lọ!" Àbí irọ́ ni mo pa? Ẹ wò mí lójú. Ẹ ò lè wò mí lójú.

Ó lọ. Ó gba ife. Ẹ gbé e sókè, ẹ ń jó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú sétí títì. Jẹsí yẹn ò tíì kúrò lára Sàlíhù tí wọ́n fi túfọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un. Sùbúhánàlàhì!

Látọjọ́ náà, ọkọ mi ò dá wà mọ́. Níbi ìje Ìlọrin, òun ló ṣíwájú gbogbo wọn, ló bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín títì, ó ń wẹ̀yìn. Gbogbo wọn kọjá lára rẹ̀ tán, ó ṣì ń wò. Ti ìje Ọ̀rẹ̀ ńkọ́? Ó ní afẹ́fẹ́ dédé kúrò lójú òun, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ síwájú òun, òun sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ ní ọtí ló mu! Sàlíhù tí kì í fi ọtí kan ẹnu! Tó bá kírun tán, tó sálámà sọ́tùn-ún, tó bá wá yíjú sósì báyìí, ojú yẹn ò ní padà mọ́, á máa wẹ̀yìn títí màá fi fọwọ́ kàn án léjìká. Lánàá, lọ́sàn-án gangan, ó ń fi òróró kun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tó ní, "Mò ń bọ̀." Mo ní, "Ta lò ń dá lóhùn?" Ó ní, "Ìbíkúnlé ni." Ọ̀gá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Orí mi wú!

Ǹ bá fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Òkú ọ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni irọ́ tí ẹ lọ pa fún ìyá olóògbé. Ẹ lọ sí Yábà, ẹ jókòó sórí àga obìnrin náà, ẹ ní ẹ̀yin pariwo títí kí Sàlíhù dúró, ó kọ̀, ó ní ife lòun mọ̀! Ẹ̀yin! Nígbà tí Sàlíhù lọ kí i kú ọ̀fọ̀, ìyá náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ìwọ lo fi ọmọ mi sílẹ̀ lójú títì?" Ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò bú u o. Ìbá tiẹ̀ ti bú u! Sàlíhù ru ẹ̀bi náà wálé, torí ó lọ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wa kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ ní kí ni? Pé bí ẹ bá sọ òótọ́, kọ́ńpìnnì á lé yín? Áà! Ọ̀gá Jethro! Torí iṣẹ́ yín lẹ ṣe gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lé ọkọ mi lọ́rùn?

Ó dáa. Mi ò wá ṣépè. Mo ti dé Yábà láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ fún Tíṣà Gertrude, mo rojọ́ títí ẹnu fi gbẹ. Ó ní aya ò lè ṣe kó má gbe ọkọ rẹ̀, ẹnu yín lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ó wà nínú takisí níta. Sàlíhù náà wà níbẹ̀, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ wà, wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ dìde. Mo ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ ò lọ? Ẹ wò ó, ìyá náà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Sàlíhù ló dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n ń bọ̀, Ọ̀gá. Ẹ wí i!