Ọdún Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìṣirò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ la àyà mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti bá mi. Ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ mi ní ilé ìwádìí ọrọ̀ ajé wa ní Seoul, torí náà ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ mọ àwòrán tí a máa ń yà: ìlà tó ń sọ ibi tí èlé owó ń lọ, àti òjìji tó yí i ká, tó ń sọ bí a ṣe lè ṣì í tó. Orílẹ̀-èdè kékeré tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ni tiwa. Bí wọ́n bá húkọ́ ní Amẹ́ríkà, àwa la máa ń gbọ̀n. Òjìji wa gbọ́dọ̀ fẹ̀. Lọ́dún 2021, ó fẹ̀ débi pé Ọ̀gá Pyo ju ìwé náà sórí tábìlì mi. "Tae-beom, ó lè gòkè, ó lè wálẹ̀. Ìyá ìyá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sanwó fún irú èyí? Bá mi dín in kù."

Mo dín in kù. Ọdún 1997 tí èlé fò sókè lójijì ni mo yọ kúrò nínú ìṣirò. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ọdún àjèjì ni, tí kò bá àwọn ọdún yòókù mu. Àjèjì kẹ̀! Ọdún yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ bàtà tí bàbá wa ń bá ṣiṣẹ́ ní Busan kógbá wọlé, tí bàbá ṣì ń múra jáde láràárọ̀ kí àwọn ará àdúgbò má baà mọ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo fọwọ́ ara mi pa ọdún náà rẹ́. Òjìji wá tín-ín-rín, gbogbo èèyàn sì yìn mí.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà ọdún ìkórè, Chuseok, tí gbogbo ìdílé pé, àbúrò mi Seon-ok, tó ń ta núdù ní Cheongju, fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó fẹ́ yá owó ra ṣọ́ọ̀bù tó ń háyà. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n mú èlé tí kì í yí padà ni, àbí èyí tó ń yí? Èyí tó ń yí ló fúyẹ́ báyìí."

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ òótọ́, ó máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi tẹ nǹkan mìíràn síta. Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán náà hàn án, èyí tó ń sọ pé èlé kò ní gòkè jìnnà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí náà wúlò nígbà míì." Ló bá mú èyí tó ń yí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni èmi ti lọ sí báńkì, tí mo yí ẹ̀yáwó ilé tèmi sí èyí tí kì í yí padà. Mi ò sọ fún un. Mo jẹun tán, mo wọkọ̀ padà sí Seoul.

Kò pé ọdún méjì tí èlé fi gòkè kọjá òjìji mi. Àbúrò mi kò rí èlé san mọ́, ṣọ́ọ̀bù lọ. Abọ́ ni Seon-ok ń fọ̀ báyìí nílé oúnjẹ ẹlòmíràn. Tí ọkọ rẹ̀ bá sì ń ráhùn, òun ló máa ń gbèjà mi: "Má bá bọ̀ọ̀dá mi wí jàre. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Mo mọ̀. Ẹ dá ọdún náà padà sínú ìṣirò. Ó ṣì wà níta títí dòní. Bí ọ̀gá yín bá ní òjìji ti fẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kó fẹ̀, kódà bí ó bá máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Seon-ok sọ̀kalẹ̀ lọ ra omi fún mi, ó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mo mọ ara mi. Bí mo bá tún fẹ́ dákẹ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un lójú mi.