Kókó Ara Ehoro Mi àti Àgùntàn Ìyá Àlàbí

Ẹ̀yin òǹkàwé, arúgbó ni mí, Ìgàndó ni mò ń gbé. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí n tó sá nílé ìwé, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìkọ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ da ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ rú.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí onírọ́. Mo ti sọ fún wọn rí pé mo bá erè jìjàkadì lódò, tí mo sì dá a. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá ti tún dé jàre." Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo ra ehoro kan. Sájẹ́ǹtì ni mo sọ ọ́, nítorí bí etí rẹ̀ ṣe máa ń nà ṣánṣán. Òun nìkan ló ń gbọ́ irọ́ mi tí kì í yán.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi ba kókó kan ní ìhà rẹ̀, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan lọ́nà Agége. Ó tẹ kókó náà títí. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rá ló dì jọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò lè pa á. Ṣùgbọ́n ó ń dàgbà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Ó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo rí i bó ṣe là á, bó ṣe yọ ọ̀rá náà, bó ṣe rán an. Bí mo ṣe ń lọ, ó ní, "Gbogbo kókó kọ́ ni ọ̀rá o, Bàbá." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ méjì ni Sájẹ́ǹtì kò fi jẹun. Mo gún ewé ọ̀dùnkún, mo fi omi pò ó, mo ń fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu. Mo fi aṣọ wé e kó má baà já òwú. Lọ́jọ́ kẹta, ó fúnra rẹ̀ gba ewé lọ́wọ́ mi. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aládùúgbò bi mí, mo ní èmi ni mo fi bíléèdì àti òwú ìránṣọ yọ kókó náà. Ojú rírán wà lára ehoro, ta ni kò ní gbà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, oyè náà dùn mọ́ mi.

Ìyá Àlàbí, opó tó ń gbé lẹ́yìnkùlé mi, fa àgùntàn rẹ̀ wá. Kókó wà ní ìdodo ẹran náà. "Dókítà wa, ẹ bá mi wo ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní yìí." Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó máa lọ sọ́jà. Mo so ó lẹ́sẹ̀, mo là á.

Kì í ṣe ọ̀rá. Ìfun ló yọ síbẹ̀. Ó tú sí mi lọ́wọ́. Àgùntàn náà wò mí lójú, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Ojora mú mi. Ìyá Ṣadé tó ń ṣe fùfú lójúlé kejì máa ń da èèpo ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ilé. Mo lọ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo kì í bọ ikùn ẹran náà. Nígbà tí Ìyá Àlàbí dé, mo ní èèpo ẹ̀gẹ́ ló ti pa á kí n tó fọwọ́ kàn án, pé mo là á kí n lè fi hàn án ni.

Ó figbe ta, ó kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Ṣadé. "O mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹran mi ní èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ!"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi òkú àgùntàn ẹ ṣe? Ọlọ́run ń wò wá o!"

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń mi orí bí àgbà. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Ní báyìí, Àlàbí fẹ́ fi Ṣadé ṣaya. Ìyá Àlàbí ní ọmọ apẹran kò ní wọlé òun. Ọmọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ fún mi: "Bàbá, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́."

Mo lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Àlàbí ti gbé omi tútù fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ ọ̀tá mi, Bàbá. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn." Mo mu omi náà. Mo ní òjò ọdún yìí pọ̀ ṣá, mo dìde, mo bọ́ sílé.

Ṣadé ń sunkún. Àlàbí ń retí èsì lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, ẹni tí mo pa ẹran rẹ̀ ni, àbí ẹni tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́? Eékún mi ti le. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan, kò dá mi lójú pé màá lè dìde lọ bá èkejì.