Ojú Owó Tó Wà Nínú Apẹ̀rẹ̀ Aláṣọ Pupa

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, ó sì gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi. Mi ò ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rí i pé ẹ̀wà ni wọ́n gbé wá. Àwọn oníwàásù máa ń wá sọ fún wa pé a ti rí ìdáríjì gbà. Wọn kò bi ẹni tí mo pa.

Ọ̀dọ́mọdé wọ́dà kan ló fún mi ní bírò tí mo fi ń kọ èyí. N óò sọ ìdí tí mo fi tọrọ rẹ̀ bó bá yá.

Ìyá mi ló mú mi láti Akaka wá sí Ṣàgámù lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó fà mí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Bàbá Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Oníṣòwò obì ni, kì í ṣe àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin o, gbànja ni, èyí tí àwọn Háúsá ń kó lọ sí Òkè Ọya. Ó kọ́ mi bí a ti ń bó o, bí a ti ń fọ̀ ọ́, bí a ti ń jẹ́ kó làágùn, kí a tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́, kí a sì máa tú u wò lóòrèkóòrè nítorí kòkòrò. Ìgbà tí obì bá pọ̀ lọ́jà la ń rà, ìgbà tó bá wọ́n la ń tà. Láàárín méjèèjì, sùúrù ni. Sùúrù yẹn gan-an ni mo kórìíra.

Àwọn ẹbí àti ará àdúgbò máa ń fún Bàbá lówó kó bá wọn ra obì pamọ́. Àkísà aṣọ tó so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀ ló fi ń mọ ti oníkálukú. Àdìrẹ ni ti ìyá mi. Àwọn kan wà ní igun tó jẹ́ aṣọ pupa. Lọ́dọọdún ni Bàbá ń tà wọ́n, tó ń fi owó wọn ra òmíràn, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó wá gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ rí. Mo rò pé olówó rẹ̀ ti kú. Mi ò bèèrè.

“Ojú owó ni owó fi ń ríran,” ni Bàbá máa ń wí. “Bí o bá jẹ èrè, o jẹun. Bí o bá jẹ ojú owó, o ti sọ owó di afọ́jú, kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ mọ́.”

Mo ní ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni.

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi, oní-POS nítòsí ìkòríta márosẹ̀, ló fi áàpù kan hàn mí lórí fóònù. Bí èèyàn bá ti fowó sí i, nọ́ńbà á máa gòkè lójoojúmọ́. Mo fi owó oúnjẹ mi dán an wò. Kò pẹ́ tó fi di ìlọ́po méjì, mo sì rí i gbà. Bàtà ni mo fi rà. Ẹ má fi bàtà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló gbé mi dé ibí.

Bàbá wo ẹsẹ̀ mi, ó bèèrè ibi tí mo ti rówó. Mo ṣàlàyé fún un.

“Kí ni owó yẹn lọ ń ṣe lọ́hùn-ún tó fi bí méjì?”

“Ìdókòwò ni, Bàbá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.”

“Mo gbọ́. Obì tèmi, mo mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ta ló ń jẹ tìyẹn?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ sọ fún Kúnlé, òun náà rẹ́rìn-ín.

Owó oúnjẹ kò tó mi mọ́. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ aláṣọ pupa kan, mo tà á, mo fi owó rẹ̀ sínú áàpù. Mo ní n óò dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nọ́ńbà gòkè, mo gbé òmíràn. Mo ń fi èèpo obì àti ewé gbígbẹ kún inú àwọn apẹ̀rẹ̀ náà, mo wá ń to ojúlówó obì díẹ̀ sókè wọn. Iṣẹ́ tí Bàbá kọ́ mi ni mo fi ń tàn án. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: nígbà tí aláṣọ pupa tán, mo bọ́ sórí ti ìyá mi.

Lọ́jọ́ kan, áàpù náà kò ṣí mọ́. Mo sáré lọ bá Kúnlé. Ẹkún ló ń sun nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá sọ pé obì ti wọ́n tó, pé àwọn oníbàárà Òkè Ọya ń bọ̀ ní Sátidé, a óò tú gbogbo apẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ti lọ kírun, mo ra bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì. Èrò mi ni pé bí iná bá jó ilé obì náà, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọlé. Bàbá wà níbẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, kò lè lọ sí mọ́sálásí. Ó jókòó sórí àpótí, èèpo obì kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú àkísà pupa dání.

“O mọ ẹni tó ni èyí?”

Mo rí i pé ó ti tú àwọn apẹ̀rẹ̀ náà wò.

“Ìwọ ni. Láti ọdún tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ. Ojú owó rẹ ni. Ọdún yìí ni mo fẹ́ kó o lé ọ lọ́wọ́, kí o dá dúró.”

Ẹ rò pé mo wólẹ̀? Inú ló bí mi. Mo ní ta ló ní kí ẹ máa fi owó mi pamọ́ fún mi? Ó ní bí òun bá ti fún mi ni, bàtà ni ǹ bá fi rà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun óò ránṣẹ́ pe ìyá mi, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí rẹ̀. Mo jáde. Mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn níta, mo da epo, mo ṣáná. Ní kóòtù, mo ní mi ò mọ̀ pé ó wà nínú ilé. Irọ́ ni. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó pe orúkọ mi, kì í ṣe bí ẹni tó ń bínú, bí ìgbà tó ń pè mí wá jẹun ni. Mo dúró títí tí kò fi pè mí mọ́.

Ẹni tó ta epo fún mi ló tọ́ka mi. Ìyá mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo ojú mi, ó sì wọ mọ́tò padà sí Akaka.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́dà tí mo sọ na fóònù rẹ̀ sí mi lójú ihò ilẹ̀kùn. Orúkọ áàpù náà yàtọ̀, nọ́ńbà tó ń gòkè kò yàtọ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, ó ti di méjì.” Mo bi í pé kí ni owó náà ń ṣe lọ́hùn-ún, ta ló ń jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ìgbà náà ni mo tọrọ bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ níbi gbogbo, kí ẹ tó fowó yín sí ohunkóhun, ẹ bèèrè iṣẹ́ tí owó náà fẹ́ lọ ṣe. Bí ẹni tó fẹ́ gbà á kò bá lè sọ ọ́, ẹ di owó yín mú. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá ń tọ́jú nǹkan pamọ́ fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀. Àánú mi kọ́ ni mo ń tọrọ, ìyẹn ti pẹ́ jù. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ jí, tèmi ni. Owó mi ní ojú. Èmi ni mo fọ́jú.