Kèrègbè Ègúsí Àríkẹ́

Ṣàkà, ṣàkà, ṣàkà. Bí Àríkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣe máa ń mi kèrègbè irúgbìn rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn, tí yóò dẹtí sí i bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ọdún kẹrìnlá rèé tí ìró yẹn ti ń jí mi. Ẹ̀yin ará ilé wa l'Ọ́fà, ara mi ò le mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó di ẹnu mi.

Ègúsí inú kèrègbè yẹn, ìyá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ, bí ìyá tirẹ̀ náà ti ṣe fún un. Lọ́dọọdún ni yóò ṣa bàrà tó dára jù sọ́tọ̀, yóò jẹ́ kó rà, yóò fọ ègúsí rẹ̀, yóò sá a, yóò pò ó mọ́ eérú, yóò sì gbé e kọ́ sókè ààrò. Sherifat ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ dè. Oko wa kángun síra lọ́nà Ìjàgbó. Tirẹ̀ a máa bo ilẹ̀, tèmi a máa rọ. Mo ní kó bù fún mi níbẹ̀.

Ó ní, "Akọ̀wé mi, ẹ kọ́kọ́ ro oko yín ná. Bàrà kì í fẹ́ ọ̀lẹ."

Akọ̀wé ló sọ mí, torí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan lọ́dún 1984, tí gbogbo ilé ti lọ kírun, mo yọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀. Mo ti bọ ègúsí oko tèmi nínú omi gbígbóná, mo ti sá a gbẹ. Mo da tirẹ̀ sápò, mo da òkú irúgbìn sínú kèrègbè, mo pò ó mọ́ eérú. Mo mì ín wò. Ó dún bákan náà. Ẹ wo ìkà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Àríkẹ́ gbìn. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ewé kan kò yọ. Ìyá wa ní ọwọ́ rẹ̀ ló gbóná, pé ọwọ́ tó pa irúgbìn lè pa ọmọ. Mo wà níbẹ̀, mo ń jẹ iṣu lọ ní tèmi. Nígbà tí mo wá kórè èyí tí mo jí gbìn, tí mo sá ègúsí sórí ẹní, Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ tó dúdú, tí ègúsí ẹlòmíì kì í ní. Ó gbójú sókè.

"Ràímì," ó ní, "níbo lo ti rí ìyá mi?"

Gbogbo agbo ilé yíjú sí i nítorí orúkọ tó pè. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Èmi ni mo dáhùn pé, "Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe pè mí? Ọwọ́ ẹ̀ pa tirẹ̀ tán, ó wá ń fojú sí tèmi." Gbádé ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀, kẹ̀yìn sí i. Kí ọdún náà tó parí, Àríkẹ́ di ẹrù, ó fa Sherifat lọ́wọ́, ó padà sí Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú rẹ̀. Kèrègbè náà wà lókè ẹrù. Mo ń gbọ́ ìró èyí tó kù nínú rẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rìn-Ilé ló kú sí lọ́dún 1991. Wọ́n ní kò gbin bàrà mọ́.

Èmi sá wá sí Kontagora. Lọ́dọọdún ni mò ń gbin ègúsí rẹ̀, tí mò ń ṣa èyí tó dára jù bó ti ń ṣe é. N kò jẹ ẹ́ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé Sherifat ń lọ ilé ọkọ. Mo rọ ọ́ sínú kèrègbè tuntun, mo fi rán Kamaldeen ọmọ mi, mo ní kó jíṣẹ́ yìí fún un, kó má yọ ọ̀rọ̀ kan:

"Ègúsí ìyá rẹ nìyí. Èmi ni mo jí i, èmi ni mo fi òkú irúgbìn dípò. Ọwọ́ rẹ̀ tutù títí ó fi kú. Gbìn ín. Bó bá hù, lọ sọ fún gbogbo ilé wa l'Ọ́fà ẹni tó jalè. Má pè mí ní Akọ̀wé. Ràímì ni kí o pè mí."