Okùn Ìwọ̀ Tí Mo Fi Dí Kábúrétọ̀ Bàbá Hollis

Ẹ̀yin ará pápá eré ìje wa ní Arkansas, ẹni tó bá mú ẹja díndín lọ́wọ́ kó gbé e sílẹ̀ ná. Èmi Orval Teague ni mo kọ ìwé yìí, mo sì ti ní kí wọ́n kà á lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ọkọ̀ kankan tó gbéra ní Sátidé yìí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti di asẹ́ tó ya, mi ò ní pẹ́ lọ. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo sọ pé mo fa ẹja àrọ̀ kan jáde, tí odò sì fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ti òní kì í ṣe irọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń rà nínú mi.

Gbogbo yín mọ Bàbá Hollis Crabtree, tó máa ń tún kábúrétọ̀ ṣe fún wa tẹ́lẹ̀. Ojú bàbá yìí ti ń ṣú nígbà náà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń ríran. Ẹ gbé eèrà lé e lọ́wọ́, á sọ fún yín bóyá akọ ni tàbí abo! Òun ló máa ń fi pólíìṣì bàtà funfun kọ nọ́ńbà sí gíláàsì ọkọ̀ Lurleen ọmọbìnrin rẹ̀, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọkọ̀ náà máa fi dé òpin pápá. Nọ́ńbà yẹn sì ni ẹ̀jẹ́ awakọ̀ níwájú gbogbo èrò. Ti Hollis kì í yẹ̀. Sátidé méje léraléra ni Lurleen fi nà mí nínú ìje. Lẹ́yìn ìkeje ló pariwo pé, "Orval, ṣé kí n wá ìbaaka fún ọ ni? Ìbaaka á yá ju pákó tó ò ń wà yìí lọ!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ti kan.

Àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, bàbá àti ọmọ lọ jẹun, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹnu idẹ kékeré kan wà lórí kábúrétọ̀ tó máa ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí awakọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná. Ihò méjì ló ní, síkúrù kan ló dè é mọ́lẹ̀. Mo tú u, mo gé díẹ̀ nínú okùn ìwọ̀ tí mo fi ń pẹja, kò tó orí eèrà, mo tì í bọ ihò òsì, mo sì dè é padà. Àwàdà ni mo pè é. Mo ní bí ọkọ̀ náà bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò, màá yọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

Lurleen tẹ iná. Ọkọ̀ náà fò díẹ̀, ó dúró bí ewúrẹ́ tó rí omi, sàlẹ́ńsà wá bẹ̀rẹ̀: pò! pò! gbàù! Gbogbo ẹyẹ ìpínlẹ̀ yìí ló ṣí lọ sí Mexico. Mo já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà: "Ẹ gbé bọ́tà wá o, gúgúrú ilé Crabtree ti ń bẹ́!" Èrò rẹ́rìn-ín dákú. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Mi ò yọ okùn náà.

Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n tún táímìn ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n wá ibi tí atẹ́gùn lè máa gbà wọlé, wọ́n fún gbogbo nọ́ọ̀tì sàlẹ́ńsà le. Bákan náà ni. Bàbá Hollis wá ní, "Ó ku ibì kan." Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọwọ́ fa irin iná lórí kábúrétọ̀ kí epo lè tu. Ó gbójú sókè, ó ní, "Orval, ọmọ mi, ojú tìrẹ mọ́lẹ̀. Bá mi wò ó. Ṣé méjèèjì ń tu?"

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ti ọ̀tún ń tu gidi. Ti òsì ò kán tó. Lurleen dúró tì mí, ó há akoto sí abíyá.

Mo ní, "Méjèèjì ni, Bàbá. Wọ́n ń tọ̀ bí ìbejì ọkùnrin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, a jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ nìyẹn." Nítorí ẹnu mi, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Èmi àti Lurleen la jọ du ife ẹ̀yẹ. Ọkọ̀ rẹ̀ kọsẹ̀ sójú ìlà, ó ń dún bí ìbọn, mo bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan kígbe pé, "Hollis, lọ gba dígí ojú!" Bàbá rìn lọ síbi ọkọ̀, ó fi apá ẹ̀wù ara rẹ̀ nu nọ́ńbà yẹn kúrò.

"Lurleen, kì í ṣe ọkọ̀. Ọwọ́ mi ló ti kú."

"Dádì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó yíjú sí mi. "Orval, o wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí mo to kábúrétọ̀ náà pọ̀. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?"

Òkè ńlá máa ń gbọ̀n ju ọwọ́ yẹn lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì dáhùn pé, "Díẹ̀, Bàbá."

Díẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí kò ju okùn yẹn lọ, òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Bàbá ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò ṣí i mọ́, kò sì wá sí pápá mọ́. Títí di òní, inú àpò ṣòkòtò ló ń kó ọwọ́ sí, bí ẹni tó jí nǹkan gbé, bẹ́ẹ̀ èmi ni olè. Gbogbo Fúráìdé ni mò ń gbé ẹja lọ fún un. Á ní, "Orval, ìwọ nìkan ni ò gbàgbé mi."

Ẹ̀yin ọmọdé tó fẹ́ràn àwàdà bíi tèmi, àwàdà tí ẹ ò bá lè jẹ́wọ́ kí ẹ̀rín tó tán, ìkà ni.

Lurleen, kábúrétọ̀ yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ nínú ṣẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ, nínú àpò ìyẹ̀fun tó o fi wé e. Mo rí i lóṣù tó kọjá. Má tú u fúnra rẹ. Gbé e lé bàbá lórí itan, fi sukudiráfà sí wọn lọ́wọ́, kó o ní kí wọ́n yẹ ihò òsì wò. Má sọ nǹkan kan sí i. Ìka wọn á rí i. Bí wọ́n bá ti rí i, kí o wá ka èyí tó kù sí wọn létí:

Bàbá Hollis, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà yọ ọwọ́ yín nínú àpò. Kò gbọ̀n rí.