Akọ Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Mo Dá Padà fún Baba Mautin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹnìkan bẹ̀ mí níṣẹ́ tí n kò lè jẹ́. 

Ará Ọ̀yọ́ ni mí. Iṣẹ́ tísà tí ọkọ mi ń ṣe ló gbé wa dé Imeke, ìlú àwọn Ègùn, nígbà ìjọba ológun. Owó oṣù rẹ̀ kì í jáde déédéé. Baba Mautin, àgbẹ̀ Ègùn tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà, ló là mí lọ́nà. Wọ́n ní kí n má ya oko sọ́tọ̀ kí n ya ẹran sọ́tọ̀. Mo gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, mo sì ra abo ẹlẹ́dẹ̀ méjì. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo sá gbẹ ni wọ́n ń jẹ. Ìgbẹ́ wọn ni mo ń kó sídìí àgbàdo. N kò ra oúnjẹ ẹran, n kò ra ajílẹ̀. Ohun tí mo bá tà, èrè ni. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tiwọn ni wọ́n máa ń yá mi láti gun tèmi. Kò pẹ́ tí ilé ẹran mi fi kún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, méjì nínú wọn kò dìde. Etí wọn pọ́n, ara wọn ti gbóná láti àná. Akọ Baba Mautin wà láàárín àwọn tó kù. Mo ti gbọ́ pé àrùn kan ń pa ẹlẹ́dẹ̀ lápá Sèmè, àti pé bí ìjọba bá gbọ́, sójà yóò tẹ̀ lé àwọn dókítà ẹran wá, wọn yóò sì pa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo sin òkú méjèèjì sínú oko ẹ̀gẹ́. Mo wá fa akọ náà padà.

Baba Mautin bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní, "Àlàáfíà ni, Baba."

Ẹ jọ̀ọ́, akọ náà ṣì ń jẹun. N kò mọ̀ dájú. Àmọ́ mo fura.

Kí oṣù tó parí, ẹlẹ́dẹ̀ wọn kú tán. Tèmi náà kú. Sènámi, ìyàwó wọn kékeré, ló ń bọ́ àwọn ẹran náà. Ìyáálé rẹ̀ ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ló fi pa wọ́n. Wọ́n pè mí, wọ́n bi mí bóyá èèpo tútù lè pa ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní ó lè pa á. Irọ́ kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹ́ kó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání.

Sènámi yìí ló ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Kankon, níbi tó ń gbé báyìí. Mo lọ bá a. Àìsàn ti jẹ ẹ́ tán. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi lọ́jọ́ náà. Baba máa ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kò ṣe é, kí n lè fojú kan ọmọ mi."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò tíì lọ bá Baba. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Àwọn ọmọ Baba Mautin ti di géńdé, ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ẹ̀rù Sènámi ló tún ń bà mí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, Baba ni àbí òun? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ara rẹ̀ kò le rárá.